Ẹ Má Tu Ú Dànù

Ẹ dákun, ìdí síǹkì ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọ̀dọ̀ dókítà. Ọdún kọkàndínlógún rè é tí mo ti ń nu àjà karùn-ún ilé ìwòsàn wa ní Kurayoshi, tí mo bá sì ní mo mọ síǹkì, kí ẹnikẹ́ni má bá mi jiyàn. Mo mọ síǹkì tí ọkùnrin ti fárùngbọ̀n. Mo mọ èyí tí aláìsàn ti da oògùn ikọ́ sí, tó wá ń purọ́ fún nọ́ọ̀sì pé òun ti mu ún. Ṣùgbọ́n èyí tó wà ní yàrá àwọn obìnrin mẹ́rin yẹn ní oṣù kẹwàá, mi ò rí irú ẹ̀ rí láyé mi. Ṣe ló ń lẹ̀. Màá nù ún láàárọ̀ kó máa dán, kí n tó padà dé lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ó ti tún ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́.

Òórùn ẹ̀ ńkọ́? Lọ́jọ́ Ajé, èso ápù. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kọfí. Lọ́jọ́rú, èso úmẹ, èso kíkan ilẹ̀ wa. Mo ní, "Ṣé ilé ìwòsàn la wà ni, àbí ṣọ́ọ̀bù alásùwíìtì?" Kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn, ta ní ń dá ìyá onímọ́ọ̀pù lóhùn? Ìgbà tó di Ọjọ́bọ̀ ni mo rí èèrà. Èèrà! Lórí àjà karùn-ún! Ta ló bá a tẹ lífítì? Inú bí mi débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún, nítorí ọ̀gá tó ń yẹ iṣẹ́ wa wò, bó bá rí èèrà kan ṣoṣo, orúkọ mi ló máa kọ sínú ìwé, kò ní kọ orúkọ èèrà.

Àwọn tó ní àrùn jẹjẹrẹ ló wà ní yàrá yẹn. Ẹni tó wà lẹ́bàá fèrèsé ni Tíṣà Kinuyo Matoba, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, tó fi ọdún méjìdínlógójì kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ní ìlú wa. Ó kọ́ mi nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún márùn-ún. Ọjọ́ tí wọ́n gbé e dé, mo wọlé tèmi tìgbálẹ̀, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, "Nobue, ṣé o ti ń jẹ kárọ́ọ̀tì báyìí?"

Ẹ gbà mí! Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni mí o. Mo ti sin ọkọ, mo ti fi ọmọ fọ́kọ. Ṣùgbọ́n bó ṣe dárúkọ mi báyìí, ẹsẹ̀ mi méjèèjì pa pọ̀ fúnra wọn, mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni mà." Irọ́ sì ni. Mi ò fẹnu kàn án títí dòní.

Oògùn tí wọ́n ń fà sí wọn lára láti bá jẹjẹrẹ jà, kì í mọ ẹni tó yẹ kó nà yàtọ̀ sí ẹni tí kò yẹ kó nà. Ó ń na jẹjẹrẹ, ó sì ń na ẹnu mọ́ ọn. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kejì tí wọ́n fà á sí Tíṣà lára, ẹnu ẹ̀ bó láti ètè dé ọ̀fun, egbò funfun-funfun, gbogbo ẹ̀. Omi ìrẹsì lásán, ṣe ló ń ta á bí ata. Obìnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà, Tokie Igawa, tó ń ta alákàn ní èbúté, ẹnu tiẹ̀ náà bó, àmọ́ ìyẹn ò ní kó panu mọ́. Ìyá Alákàn là ń pè é. Àwọn méjì tó kù kì í sọ̀rọ̀, ohun tí Tíṣà bá ṣe ni wọ́n ń ṣe.

Ọjọ́bọ̀ tí mo rí èèrà yẹn gan-an ló yẹ kí wọ́n gbé oògùn ẹlẹ́ẹ̀kẹta kọ́ fún Tíṣà. Dókítà Unno wọlé. Dókítà dáadáa ni, àmọ́ kì í lè sọ ọ̀rọ̀ kan kó má bẹ̀bẹ̀ síwájú ẹ̀ kó tún bẹ̀bẹ̀ sẹ́yìn ẹ̀. Mo wà lẹ́yìn kọ́tìnì, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo ni mo ń nù fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

"Ẹ má bínú o, Tíṣà," ló wí. "Mi ò lè gbé e kọ́ lónìí. Ẹ ò rí nǹkan jẹ, ìwọ̀n yín ti wálẹ̀ sí kílò mọ́kàndínlógójì. Ẹ jẹ́ ká sún un sí ọ̀sẹ̀ méjì òní. Tí ẹnu yín ò bá wá tíì san nígbà náà… ẹ má bínú…"

"Dókítà, ẹ parí gbólóhùn yín. Ọmọ kíláàsì mi ò gbọ́dọ̀ fi gbólóhùn sílẹ̀ láàbọ̀."

Dókítà tẹríba. "Àrùn náà á rí àyè mà. Ẹ̀ẹ̀mejì tí oògùn yẹn wọlé, ó ti ń sá sẹ́yìn. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta yìí ló ṣe kókó. Tá a bá pàdánù ẹ̀, mi ò lè fi yín lọ́kàn balẹ̀. Ẹ má bínú."

"Mo gbọ́," ni Tíṣà wí, ó sì kọjú sí fèrèsé. Àánú ẹ̀ ṣe mí gan-an. Mo sáré fi mọ́ọ̀pù lu bọ́kẹ́ẹ̀tì kí wọ́n lè rò pé iṣẹ́ ni mò ń ṣe.

Oògùn wà fún ẹnu yẹn, ó sì ti pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n ti ń fún wọn. Ọmọbìnrin tó ń bójú tó oúnjẹ aláìsàn, Arisa Kuranaga, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, òun ló gbé e wá. Lẹ́búlẹ́bú ni, inú sáṣẹ́ẹ̀tì ló wà. Ọjọ́ tó ń ṣàlàyé ẹ̀, mo ti gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà: "Ẹran, ẹja, ẹyin, tí ikùn bá lọ̀ wọ́n tán, ohun tí ara fi ń mọ ẹran ara tuntun ló ń kù. Amínò ásíìdì là ń pè é. Èyí, a ti bá ikùn yín lọ̀ ọ́ tán. Ẹ pò ó mọ́ omi, ẹ jẹ́ kó yí gbogbo ẹnu ká, kí egbò mu ún dáadáa."

Ìyá Alákàn gbóòórùn ẹ̀. "Ọmọ yìí, ìbọ̀sẹ̀ ta lẹ lọ̀ síbẹ̀?"

Ìdí nìyẹn tí Kuranaga fi wá àwọn adùn kéékèèké tí wọ́n ń dà mọ́ ọn, ápù, kọfí, úmẹ. Ó tún ya àwòrán erinmi kan tó la ẹnu gbàgà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè síǹkì. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ erinmi, lẹ́tà gàdàgbà: ẸNU ṢÍṢAN, Ẹ̀Ẹ̀MẸ́TA LÓJÚMỌ́! Ó sì kọ nǹkan mìíràn wínníwínní sábẹ́ ẹsẹ̀ erinmi. Ta ní ń ka abẹ́ ẹsẹ̀ erinmi?

Ọjọ́ kejì, lọ́jọ́ Ẹtì, mo pinnu pé màá mú ẹni tó ń bà mí síǹkì jẹ́. Aago mẹ́wàá ni mo yọ́ wọlé. Kí ni mo rí? Àwọn obìnrin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tò síwájú síǹkì, kálukú pẹ̀lú ife bébà lọ́wọ́, Tíṣà Matoba níwájú, ó ń fi ìka lu etí síǹkì. Wọ́n gbé orí sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Gara-gara-gara! Wọ́n tẹ̀ síwájú lẹ́ẹ̀kan náà. Pẹ! Gbogbo oògùn wọnú síǹkì, pẹ̀lú adùn úmẹ lórí ẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá wọn lẹ́bi. Ní ilẹ̀ wa, ẹni tó bá ti ìta wọlé, kó tó kí ará ilé tán, ẹnu ló kọ́kọ́ ń ṣan. Ní kíláàsì Tíṣà, a máa ń tò sí ìdí ẹ̀rọ omi bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, á fi ìka lù ú fún wa, gara-gara-gara, pẹ! Ọmọ tó bá ṣèèṣì gbé e mì, yéè, ó ti gbé! Gbogbo kíláàsì á máa kọ ọ́ lórin, "Ó mu ìdọ̀tí! Ó mu ìdọ̀tí!" Tí ẹ bá rí àgbàlagbà kan ní Kurayoshi tó mọ omi tu dáadáa, iṣẹ́ ọwọ́ Tíṣà Matoba ni. Ẹni tí wọ́n bá sọ pé kó ṣan ẹnu, ẹsẹ̀ ẹ̀ á ti máa wá ibi tó máa tu ú sí.

Mo ní, "Tíṣà, ẹ má bínú mà, ṣé kì í ṣe oògùn nìyẹn?"

Kò yíjú padà. "Nobue. Tá a bá ti ṣan ẹnu tán, kí là ń ṣe?"

"À ń tu ú mà!" Ẹnu mi ti dáhùn kí n tó mọ̀. Ọdún méjìléláàádọ́ta, ẹ̀kọ́ náà ṣì wà níbẹ̀ digbí. Ojú tì mí gan-an.

Ẹni tó bá ń nu ilẹ̀ kì í dá sí ọ̀rọ̀ oògùn. Mo mọ òfin yẹn, ó sì wà nínú ìwé tí mo fọwọ́ sí. Ṣùgbọ́n mo rántí Dókítà pẹ̀lú gbólóhùn tó fẹ́ fi sílẹ̀ láàbọ̀. Mo gba ẹ̀yìn lọ bá Kuranaga ní ibi tí wọ́n ti ń to oúnjẹ.

Mo ní, "Ọ̀gá kékeré, ẹ ti ń fi oògùn yín bọ́ èèrà mi láti ọ̀sẹ̀ kan o."

Nígbà tí mo ṣàlàyé tán, ojú ọmọ náà funfun. "Wọ́n ń tu ú dànù? Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí wọ́n gbé e mì!"

"Abẹ́ ẹsẹ̀ ẹranko lẹ kọ ọ́ sí."

Ó sáré lọ, mo sáré tẹ̀ lé e. Ó tẹríba fún bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan, ó bẹ̀ wọ́n, ó ní ẹ̀bi òun ni, ó ní kí wọ́n jẹ́ kó pẹ́ lẹ́nu ni, kí wọ́n wá gbé e mì díẹ̀díẹ̀, kó lè ti inú ṣiṣẹ́ bó ṣe ti ìta ṣiṣẹ́. Mo rò pé ó kù díẹ̀ kó tẹríba fún erinmi náà.

"Gbígbé ẹ̀ mì nìkan ni?" ni Ìyá Alákàn wí. "Ọmọ mi, mo ti jẹ ọbẹ̀ tí ọkọ mi sè fún ogójì ọdún." Ó gbé ife ẹ̀, ó jẹ́ kó yí ẹnu ká, ó gbé e mì gbì, ó wá lanu han gbogbo yàrá. "Ẹ wò ó! Mi ò kú!"

Àwọn méjì tó kù wo Tíṣà. Tíṣà ní, "Ó dáa. Mo ti gbọ́." Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́, kò sì sẹ́ni tó fura. Kuranaga mí kanlẹ̀, ó lọ.

Àmọ́ síǹkì kì í purọ́ fún mi. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ó ṣì ń lẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, Ìyá Alákàn ti ń jẹ ẹyin rírọ̀, ó ń pariwo fún mi pé ẹnu òun kò ta òun tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Àwọn méjì yẹn ti ń dọ́gbọ́n gbé e mì nígbà tí Tíṣà bá yíjú. Tíṣà nìkan ló kù tó ń rìn lọ sí síǹkì ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, bí ọkọ̀ ojú irin tí kì í pẹ́.

"Tíṣà, ẹ̀yin nìkan lẹ ń bọ́ èèrà báyìí o," ni Ìyá Alákàn fi ń yọ ọ́ lẹ́nu.

"Omi tó ti fọ ẹnu, omi ìdọ̀tí ni," ni Tíṣà dáhùn. "Ìgbà ẹgbẹ̀rún mélòó ni mo ti sọ ọ́ fún àwọn ọmọ? Tí mo bá gbé e mì, ṣe ni ọ̀fun mi ń dá a padà."

Kuranaga bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Nọ́ọ̀sì àgbà bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Inú bí mi. Mo fẹ́ sọ fún un pé, Tíṣà, ẹ̀mí yín lẹ ń tu sínú síǹkì mi yẹn o. Mi ò lè sọ ọ́. Ẹni tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń so okùn bàtà, báwo ni mo ṣe máa kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbé nǹkan mì?

Inú bọ́ọ̀sì tí mo wọ̀ lọ sílé lọ́jọ́ Ajé yẹn ni ọgbọ́n bá mi. Mo ní, Nobue, òmùgọ̀ ni ẹ́. Ẹ̀kọ́ kan ló ń di Tíṣà lọ́wọ́. Ẹ̀kọ́ mìíràn ni kó o fi bá a jà, ìwọ náà sì mọ gbogbo ẹ̀kọ́ ẹ̀. Mo délé, mo gun àga, mo gbé abọ́ ọbẹ̀ tí a ń lò ní ọdún tuntun sọ̀kalẹ̀, èyí tó dúdú lóde tó pupa nínú, tó ní ọmọrí.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo gbé e lọ fún Kuranaga. Mo ní, "Ẹ má pe nǹkan yìí ní ṣíṣan ẹnu mọ́. Ẹ má gbé e sínú ife bébà. Ẹ pò ó síbí, kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kó bá oúnjẹ wọlé."

Ó wo abọ́, ó wò mí. "Mámà Nobue, ṣé ẹ ń ṣeré ni?"

"Ṣé mo jọ ẹni tó ń ṣeré?"

Ó lọ bi nọ́ọ̀sì àgbà, nọ́ọ̀sì àgbà ní òfin kankan ò sọ pé oògùn ò lè wà nínú abọ́. Kuranaga sì yọ àwòrán erinmi kúrò lára ògiri fúnra ẹ̀, ojú ẹ̀ fà ro bí ẹni tó ń sin ajá ẹ̀.

Lọ́sàn-án, wọ́n gbé àwo oúnjẹ síwájú Tíṣà. Omi ìrẹsì, tófù rírọ̀ tí wọ́n fi ẹ̀wà sóyà ṣe, ọ̀pá ìjẹun, àti abọ́ dúdú pẹ̀lú ọmọrí. Ẹ kò rí i bí ọwọ́ Tíṣà ṣe pàdé ara wọn! Kò tíì ronú, ó ti tẹ orí ba, ó sọ ohun tí a máa ń sọ ká tó jẹun: "Mo tẹ́wọ́ gbà á." Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, tiẹ̀ ti di ìrókò tipẹ́. Ó ṣí ọmọrí.

"Kí lèyí?"

"Ọbẹ̀ ni mà," ni mo wí. Mò ń nu ilẹ̀ tí kò dọ̀tí.

"Nobue."

"Mà?"

"Ọbẹ̀ wo ló ń rùn bí ápù?"

"Ọbẹ̀ ápù ni mà."

Ìyá Alákàn bú sẹ́rìn-ín, ó sáré di ẹnu mú. "Yéè, egbò mi! Ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jinná ni!"

Tíṣà da ọmọrí dé e padà. "Mo mọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Mi ò mu ún."

"Ẹ ti tẹ́wọ́ gbà á mà," ni mo wí. "Ẹ ti kí i kú àbọ̀, ẹ wá fẹ́ lé e padà? Ìrẹsì ẹyọ kan ṣoṣo, ẹ kì í jẹ́ ká fi sílẹ̀. Ẹ ní bí ẹni tó gbìn ín bá rí i, ẹkún ló máa sun."

Tíṣà wò mí pẹ́. Ó ṣí ọmọrí, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé abọ́, ó mu díẹ̀ sẹ́nu. Ojú ẹ̀ fún pọ̀.

Mo sáré ní, "Tíṣà, ẹ̀ẹ̀melòó la gbọ́dọ̀ jẹ oúnjẹ lẹ́nu ká tó gbé e mì mà?"

Kò lè sọ̀rọ̀, oògùn wà lẹ́nu ẹ̀. Ó fi ìka mẹ́ta hàn mí: ọgbọ̀n. Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ omi lẹ́nu. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀. Ìyá Alákàn ń kà á sókè bí ẹni ń ka alákàn sínú apẹ̀rẹ̀. Bó ṣe pé ọgbọ̀n, ojú Tíṣà yí sí síǹkì.

Mo ti mọ̀. Mo ti fi omi nu ibẹ̀ láti ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ dé ìdí síǹkì, mo gbé pátákó aláwọ̀ yẹ́lò sí àárín. "Ilẹ̀ tutù mà. Ẹni tó bá gba ibẹ̀ á yọ̀ ṣubú." Mo fa àga kan, mo bọ́ bàtà mi, mo jókòó sí iwájú ẹ̀ gan-an. Mo ní, "Tíṣà, ẹ jókòó tì mí rí nítorí kárọ́ọ̀tì mẹ́ta, títí àwọn ẹgbẹ́ mi fi lọ sílé. Ẹ ò nà mí, ẹ ò pariwo mọ́ mi. Ẹ kàn jókòó. Èmi náà ti jókòó báyìí o."

Mi ò mọ ibi tí mo ti rí àyà yẹn. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́, ìyá mi máa ń sọ ọ́ fún mi. Mo ń retí kí Tíṣà lé mi jáde. Ó wò mí, mo wò ó. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ kún bọ̀mù. Lẹ́yìn náà mo rí ọ̀fun ẹ̀ tó gòkè tó sọ̀ kalẹ̀, omi sì bọ́ lójú ẹ̀.

"Ó burú," ló wí.

"Mo mọ̀ mà."

"O ò mọ nǹkan kan." Ó tún gbé abọ́ sẹ́nu.

Ó gbà wá ní ogójì ìṣẹ́jú. Nígbà tó tán, ó pa ọwọ́ pọ̀, ó dúpẹ́ oúnjẹ bó ṣe yẹ, àwọn yòókù pàtẹ́wọ́ fún un. Mo pàdánù àkókò ìsinmi mi, ebi ń pa mí, inú mi sì ń dùn bí ẹni tó jẹ àkàrà.

Láti ọjọ́ yẹn, abọ́ mẹ́ta lójúmọ́. Ti àárọ̀ àti ti ọ̀sán bọ́ sí àsìkò iṣẹ́ mi. Ti ìrọ̀lẹ́ ni wàhálà, torí aago mẹ́ta ni mo máa ń ṣíwọ́. Mo gbìyànjú láti lọ sílé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo dé ibùdó bọ́ọ̀sì, ọkàn mi ò balẹ̀, mo padà. Tíṣà rí mi pẹ̀lú aṣọ òde lọ́rùn. "Kí lo gbàgbé?" "Mi ò gbàgbé nǹkan kan mà," ni mo wí, mo sì fa àga. Mo wá lọ́jọ́ Àìkú pàápàá. Ìyá Alákàn ní kí wọ́n kúkú bá mi tẹ́ bẹ́ẹ̀dì karùn-ún.

Kò rọrùn o. Ọjọ́ kẹta, ó bì í sára aṣọ mi. Ọjọ́ karùn-ún, ó ní adùn kọfí yẹn, ẹni tó ṣe é, ẹ̀wọ̀n ló tọ́ sí i. Ọjọ́ kẹfà ni mo gbọ́ tó mu omi ìrẹsì tán láìkérora, mi ò sì sọ̀rọ̀, kí n má baà bà á jẹ́. Síǹkì mi ń dán. Àwọn èèrà wá ọ̀nà tiwọn lọ.

Ọjọ́bọ̀ pé. Dókítà Unno wọlé, ó bẹ̀bẹ̀ kó tó tan tọ́ọ̀ṣì, ó yẹ ẹnu Tíṣà wò láti òkè dé ilẹ̀. Kuranaga wà lẹ́yìn ẹ̀, ó ń gé èékánná jẹ. Èmi ń nu abẹ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn náà.

"Egbò méjì ló kù," ni Dókítà wí. "Wọ́n kéré. Ìwọ̀n yín sì ti fi kílò kan gòkè." Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí mi ò rí lójú ẹ̀ rí. "Mi ò lè sọ pé oògùn inú abọ́ yẹn nìkan ló ṣe é, ọjọ́ tó kọjá náà ràn wá lọ́wọ́. Ẹ má jẹ́ kí Kuranaga gbọ́ tí mo sọ bẹ́ẹ̀. Tíṣà, a lè gbé e kọ́ lónìí."

Ìyá Alákàn hó bí ẹni tó rí ọkọ̀ ojú omi tó kún fún alákàn. Kuranaga bú sẹ́kún. Èmi náà, mo tẹ orí mọ́ mọ́ọ̀pù mi, mo nu ojú. Tíṣà tẹríba fún Dókítà, ó ní, "Ẹ ṣeun." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Wọ́n gbé àpò oògùn náà wá, wọ́n so ó kọ́ sórí ọ̀pá, nọ́ọ̀sì wá iṣan lọ́wọ́ ẹ̀, ó fi abẹ́rẹ́ sí i, ó lọ. Mo fẹ́ máa lọ sí yàrá kejì.

"Nobue, sún mọ́ mi."

Mo sún mọ́ ọn. Ojú ẹ̀ wà lára àpò yẹn.

"Mo ka ìwé erinmi yẹn," ló wí jẹ́jẹ́. "Lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Èyí tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ náà. Mo wọ awò mi kà á."

Mi ò tètè gbọ́ ọ yé. Mo ní, "Ẹ mọ̀ pé gbígbé ló yẹ kẹ́ ẹ gbé e mì? Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi ń tu ú dànù mà?"

"Tí ẹnu mi bá san, wọ́n á gbé ìyẹn kọ́." Ó fi àgbọ̀n júwe àpò. "Ẹlẹ́ẹ̀kejì yẹn, Nobue, mo rò pé mo ti kú. Mi ò lè sọ fún Dókítà pé mi ò fẹ́. Àgbàlagbà tó ti sọ fún gbogbo ọmọ ìlú yìí pé abẹ́rẹ́ kì í dunni, báwo ló ṣe máa sọ pé ẹ̀rù ń ba òun? Ẹnu ṣíṣan wá di àwáwí fún mi. Mo wá mú àwọn yòókù náà tò sẹ́yìn mi." Ó fi ọwọ́ júwe bẹ́ẹ̀dì wọn. "Ìyẹn ló dùn mí jù."

Mo rántí gbogbo bí mo ṣe ń fọ́nnu nínú bọ́ọ̀sì pé mo fi ẹ̀kọ́ ṣẹ́gun ẹ̀kọ́. Àṣé ẹ̀rù ló ń ba obìnrin náà, èmi sì gbé pátákó yẹ́lò dí i lọ́nà. Mo ní, "Tíṣà, ẹ jẹ́ kí n pe Dókítà. Tẹ́ ẹ bá ní ẹ ò fẹ́, wọ́n á yọ ọ́ kúrò. Èmi fúnra mi ni màá sọ fún wọn."

"Dákẹ́. O jókòó síwájú mi pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán, bọ́ọ̀sì ń fi ẹ́ sílẹ̀ lójoojúmọ́. Mo ń sọ nínú ara mi pé, ọmọ yìí fẹ́ kí n wà láyé o." Ó di ọwọ́ mi mú pẹ̀lú ọwọ́ tí kò sí abẹ́rẹ́ nínú ẹ̀. Ó tutù. "Ṣé á tún ba ẹnu mi jẹ́?"

Mo fẹ́ purọ́. Mo mọ irọ́ pa fún un dáadáa, ẹ ti gbọ́ ti kárọ́ọ̀tì.

"Bẹ́ẹ̀ ni mà," ni mo wí. "Á bà á jẹ́."

Omi oògùn náà kán ẹyọ kan, ó tún kán. Tíṣà wò ó títí. Ó gbé ojú kúrò níbẹ̀, ó gbá mi lọ́wọ́ pẹ́pẹ́.

"Ó dáa. Lọ bu ọbẹ̀ mi wá."